Wọ́n Pa Ìyá Súẹ́tà Nílé Ìwòsàn Tó Ń Bá Fọṣọ

Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run ló gbà á. Ọlọ́run kọ́ ló ka èsì àyẹ̀wò sódì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó ti ń bá fọṣọ láti ìgbà tí mo wà ní ṣòkòtò péńpé, aṣọ tí wọ́n sì fi bò ó lójú, òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Wọ́n pa á ni. Ìbínú ni mo fi ń kọ èyí, kì í ṣe ẹkún.

Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló ń fọ yúnífọ́ọ̀mù mi, tó ń lọ̀ ọ́ títí ìlà ṣòkòtò á fi mú bí ọ̀bẹ. Nígbà tí mo di oníwèé ìròyìn, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé akọ̀wé ńlá tí kò mọ ṣòkòtò ara rẹ̀ fọ̀. Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Ohùn rẹ̀ há, ojú rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ń já sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú yàrá ìfọṣọ tí omi gbígbóná ti ń hó, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, súẹ́tà ló ń wọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Súẹ́tà nìyẹn. Bó bá jókòó pẹ́nrẹ́n, á sùn lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ló ń dà á láàmú, ó bá tún gbé iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ilé tó kún fún dókítà, ta ló bi í pé kí ló dé?

Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Táírọ́ìdì ni, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn tó ń mú kí ara gbóná, kó sì ṣiṣẹ́. Tirẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ dákẹ́. Bó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ọpọlọ á máa pariwo mọ́ ọn pé kó dìde. Ariwo ọpọlọ yẹn ni nọ́ńbà tó ga nínú èsì rẹ̀. Dókítà rí nọ́ńbà, kò wo èèyàn. Ó ní táírọ́ìdì ń ṣe àṣejù, ó sì kọ oògùn tó máa dá a dúró. Ẹni tí ebi ń pa ń ké fún oúnjẹ, ẹ fún un lọ́rùn!

Ó ti mọ́ wọn lára níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ga, wọ́n á mú un wálẹ̀. Bí ṣúgà bá ga, wọ́n á mú un wálẹ̀. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí kì í gbóhùn sókè, lọ bá dókítà náà pé látìgbà tó ti ń lo oògùn yìí ni òtútù ara rẹ̀ ń le sí i. Dókítà ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá, ohun tó bá ga, à á mú un wálẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó lò ó tán."

Kò lò ó tán tó fi kú. Ṣé wọn ò kọ́ yín pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́? Oògùn kan láràárọ̀, kó tó fẹnu kan oúnjẹ, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí táírọ́ìdì rẹ̀ ò ṣe mọ́, òun ni ì bá gbà á là. Ó wà nílé oògùn wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá ìfọṣọ.

Ní àárọ̀ tó kú, káfíńtà fi òòlù fọ́ gíláàsì ọ́fíìsì dókítà túútúú. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá bá a fọ́ èyí tó kù. Wọn ò tíì gbá àfọ́kù nílẹ̀ tí ọlọ́pàá fi dé tí wọ́n mú un lọ. Kó tó di ọ̀sán, gíláàsì tuntun ti wà níbẹ̀. Gíláàsì ní olùgbèjà, ẹ̀gbọ́n mi ò ní.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn, ẹ ní kí ọlọ́pàá tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló fẹ́ kan pósí ìyàwó rẹ̀, kò gbà kí ẹlòmíràn kàn án. Ẹ mú dókítà yẹn lọ sí yàrá ìfọṣọ, kó dúró síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kó sọ ohun tó rí nínú èsì yẹn. Ẹ pe gbogbo ẹni tó ti kọ oògùn yẹn fún padà, kí ẹlòmíràn tún èsì wọn kà, kíákíá. Ẹni tó fọ́ gíláàsì ti wà látìmọ́lé. Ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi ń kọ oògùn fún ẹlòmíràn láàárọ̀ yìí.