Òjé Inú Ìgò Òfìfo

Àǹtí Afínjú ni wọ́n ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń po ìtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ áásìdì kí ẹ̀rọ tó wọn irin inú rẹ̀. Òjé, irin olóró tí wọ́n ń wá, kéré ju èérún iyọ̀ lọ, nítorí náà Àǹtí kì í gba páúdà, kì í gba òrùka níbẹ̀. Ó ti lé akọ̀wé jáde rí nítorí òrùka ìgbéyàwó.

Tìróò ojú tirẹ̀, kò kà á kún. Bí èéfín áásìdì bá sì ta á lójú, ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ló fi ń nù ún.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pèsè ogún ìgò ìtọ̀ àti ìgò kan tí wọ́n ń pè ní òfìfo. Omi mímọ́ lásán ló wà nínú òfìfo, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe fún ìtọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún un. Bí ẹ̀rọ bá rí òjé nínú rẹ̀, ẹni tó pèsè rẹ̀ ló gbé e wọlé. Ẹ̀rọ rí i. Àǹtí Afínjú da omi náà nù, ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè. Ó fọwọ́ sí èsì ogún yòókù.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó ń tún bátìrì ṣe, tí ìtọ̀ rẹ̀ wà nínú ogún náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òjé inú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá mi ti lé mi. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbé ọmọ wa mọ́ra mọ́."

"Bọ̀dá, ẹ̀rọ kì í parọ́."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tìróò ti kun ìbọ̀wọ́ yín o! Ṣebí òrùka mi nìkan ló dọ̀tí?"

Ó wo ìka rẹ̀. Dúdú. Òkúta òjé ni wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá ibi tí yóò gbójú sí, kò rí.

"Bọ̀dá, èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Ẹ gbé kí ni síbẹ̀?"

"Òjé. Mo rí i nínú ìgò òfìfo lọ́jọ́ Ajé, mo sì tún fọwọ́ sí èsì yín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó wà lára yín."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó na ike ìtọ̀ tuntun sí i.

Ọkùnrin náà wo ike, ó wo ojú rẹ̀ tí tìróò ti ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e fún mi."