Àgò ní Kamina

A ti wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mẹ́ta nílùú kan ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé bíríkì kan fún wa. Òórùn ògiri tútù ibẹ̀ gbé mi padà sí Kamina, lẹ́bàá ìlú wa nílé, ní ọ̀sán kan nígbà èwe mi tí ìyá mi àgbà dúró níwájú àwókù ilé òyìnbó tí kò lórùlé.

Ó ní, "Àgò onílé o!"

Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo sọ ohùn mi di ti àgbàlagbà: "Àgò yà o!"

Eré ni mò ń ṣe. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sínú koríko.

"Ẹ kúulé, Bàbá."

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ lọ ru òkúta níbẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó ń kọ́ ilé náà, kò sì padà wálé mọ́.

Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Kò bi mí pé ta ló dáhùn.