Ìgan Inú Ògiri ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti kẹ̀kẹ́ ológeere mi kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìgan, kòkòrò dúdú tíntìntín tí kì í ta ènìyàn, kò yàtọ̀ sí oyin igbó bí kò ṣe ní títóbi àti ní títa. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní irọ́ ni, kí n lọ wo méjèèjì lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Iyanrìn pọ̀ lọ́nà. Títì ni mo ń ti kẹ̀kẹ́ níbi púpọ̀. Ẹ̀kọ tí mo rà jẹ lọ́nà, mẹ́ta ní kọ́bọ̀, kéré sí tiwa, ṣùgbọ́n ó ki jù ú lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé.

"Tíṣà, kú ìrìn o," ni Ìyá wí. "Ṣé kẹ̀kẹ́ ló gbé ọ wá, àbí ìwọ lo gbé e?"

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò Ìyá tó jẹ́ ọdẹ mú mi lọ sóko. Ó fi èéfín imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ fín oyin inú ihò igi. Wọ́n rọ́ jáde, méjì ta mí létí. Ó gé afárá, ó fi díẹ̀ sílẹ̀, ó ní wọn yóò padà.

Nígbà tí mo délé, Ìyá ti lọ sódò. Ìgan wà nínú ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ìda mọ ọ̀nà tóóró sẹ́nu ihò wọn. Mo rò ó pé bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, èéfín yóò lé àwọn náà jáde. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo tanná ran imọ̀ ọ̀pẹ, mo gbé e sẹ́nu ihò. Díẹ̀ jáde, wọ́n lẹ̀ mọ́ irun mi. Àwọn yòókù kò sá. Ìda yọ́, ó dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ní òwúrọ̀, èèrà ń kó òkú wọn jáde níbi tí ògiri ti sán.

Ìyá kò pariwo. "Ìyá ọkọ mi bá wọn nínú ògiri yìí. Oyin wọn la fi ń wo ikọ́ àwọn ọmọ. Ṣé ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kì í bèèrè kí ẹ tó dáná sẹ́nu ọ̀nà onílé?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá, mo rò pé..."

"O rò! Nítorí pé wọn ò ta ọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò lè gbójú sókè. Nígbà tí mo ń lọ, ó fún oyin tó kù nínú ògiri sínú àdó kékeré fún mi, ó ní àlejò kì í fi ọwọ́ òfo kúrò nílé òun. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Nílé, ìyá mi tọ́ ọ wò. Ó ṣàn ju oyin igbó lọ, ó sì kan díẹ̀.

"Ó dára o! Ìgbà wo lo máa mú òmíràn wá?"

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún kíláàsì mi náà: oyin a máa sá fún èéfín, ìgan a máa dúró sílé. Ṣùgbọ́n ilé ìgan kan ṣoṣo ni mo rí, n kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Èyí tí ǹ bá sì tún lọ wò, mo ti pa á.