Jíìnì Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tìtorí Ẹ̀ Da Omi Ògì Màmá Mi Nù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwé kíkà ba nǹkan jẹ́ nílé wa!

Màmá mi ń ṣe ògì ní Egan. Wọn kì í da omi ògì àtijọ́ nù tán. Wọ́n máa ń bù díẹ̀ sí àgbàdo tuntun kó lè tètè kan. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti gba omi yẹn, kò sì gbẹ rí. Òun ni mo bù lọ sí yunifásítì fún iṣẹ́ másítàs mi, kí n lè mọ iṣẹ́ tí jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, ń ṣe nínú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan.

Kọ̀ǹpútà á fi jíìnì kan wé ti àwọn kòkòrò mìíràn, á ní ó jọ tibí tàbí tọ̀hún, èmi á wá kó o sí ìsọ̀rí rẹ̀: àwọn tó ń jẹ ṣúgà, àwọn tó ń tún ara kòkòrò ṣe. Àfi bí ọ̀kan ṣe jáde, tí ìwé àwọn onímọ̀ pè é ní èyí tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Májèlé! Nínú ògì tí wọ́n fi tọ́ mi kẹ̀? Àyà mi já. Mo pe màmá mi kíá pé kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ìkòkò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọ̀gá mi ní yunifásítì ni? Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn? A tọpa rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kò dán an wò rárá, àwa tó kù kàn ń dà á kọ! Irú rẹ̀ wà nínú kòkòrò tó ń mú wàrà kan, wàrà ò sì pa wá. A gbin kòkòrò ògì wa sórí ẹ̀jẹ̀ ní láàbù. Ọjọ́ méjì, ẹ̀jẹ̀ ò fọ́. Wọ́n ní orúkọ ń roni, ti jíìnì yìí ò ro ó o!

Àmọ́ omi ńkọ́? Mi ò lè bi màmá mi lórí fóònù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkòtún, ó di Egan.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa àgbàdo. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

“Omi wo ni mo dà nù? Mo dé e mọ́ ìdí ìlẹ̀kùn ni. Mo ní kí o kàwé ẹ tán ná, jàre!”

Ha! Mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ara tù mí, ẹ gbà mí gbọ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká máa wo iṣẹ́ ọwọ́ nǹkan ká tó gba orúkọ tí wọ́n fún un. Kí ni ẹ̀yin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù nítorí orúkọ lásán? Ta ló sì bá yín dé e mọ́ ìdí ìlẹ̀kùn? Ẹ wá sọ ọ́ níbí.