Àwòrán Ojú Pépà

Ìkọ̀tún ni mo ti ń ta pépà, mo sì máa ń bínú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi. Ẹni tó bá ń jí lójoojúmọ́ tó ń ka ohun tí wọ́n ń kọ sójú pépà, tí inú ò sì bí i, kí onítọ̀hún lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Èrò kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, àwọn tó ń rajà nínú wọn ló wọ́n. Wọ́n á dúró yí tábìlì mi ká, wọ́n á ka àkọlé láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn jà lórí ohun tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún. Èmi á máa pariwo pé, "Ẹ má fi itọ́ ṣí i o! Ẹni tó bá fi itọ́ ṣí i ti rà á nìyẹn!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ka tiwọn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí pépà wa kà sí pàtàkì, kó wo bí wọ́n ṣe tò ó. Iwájú, ti olóṣèlú ni. Lágbájá ti kúrò nínú ẹgbẹ́, Tàmẹ̀dù ti wọlé. Ẹni kan sọ̀kò ọ̀rọ̀, ẹnì kejì ò jẹ́ kó balẹ̀ tó fi dá a padà. Ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ń bẹ nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìkéde òkú àwọn olówó. Akọ̀ròyìn wa kankan ò sì débẹ̀. Ohun tí òyìnbó bá kọ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn: ohun tí àwọn ààrẹ bá ara wọn sọ, àti bí epo bẹntiróòlù ṣe máa wọ́n tó. Bí ọmọ tiwa bá wà lábẹ́ bọ́ǹbù níbẹ̀, ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló là mí lójú sí i. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, fóònù ọmọ náà ò wọlé mọ́. Láti ìgbà yẹn, n kì í tíì to pépà tán láàárọ̀ tí ìyá yìí á fi dé iwájú mi.

"Bàbá Onípépà, ẹ bá mi wo ti ibẹ̀ yẹn."

Mo máa ń ṣí i, mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Wọ́n ní àwọn alágbára ayé ti ṣèpàdé. Wọ́n ní epo á gbówó lórí."

"Wọ́n sọ nǹkan kan nípa àwọn ọmọ ọ̀dọ̀?"

"Wọn ò sọ, Ìyá."

"Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ náà, jàre."

Ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni, síbẹ̀ mo máa ń ṣí i wò, torí ojú tó fi máa ń wò mí nígbà yẹn, n ò lè ṣàlàyé ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn, àfi ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ alátakò rí i pé wọ́n lè fi ogun yẹn bú ìjọba. Wọ́n ní ìjọba fi ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀ sínú iná. Ìjọba ní irọ́ ni. Ó wá di bó ò lọ, o yà fún mi! Ohun tó ti ń bá òkú sùn nínú lọ́hùn-ún wá dìde, ó bọ́ síwájú. Nígbà tó sì di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìjọba ti kó gbogbo ọmọ Nàìjíríà kúrò lójú ogun. Wọ́n fi àwòrán sí i: àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n wé orí, ọ̀kan pọn ọmọ, òun ló wà níwájú. Wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ kó wọn sí àgọ́ kan ná, kí wọ́n tó yọ̀ǹda wọn fún ẹbí.

Àwọn òǹkàwé ọ̀fẹ́ mi bẹ̀rẹ̀. Tísà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, ní ìbò tó ń bọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba nìyẹn. Ẹlòmíì ní ẹ̀tàn ni. Kò sẹ́ni tó béèrè pé àwọn wo ni wọ́n kó. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti àárín wọn kọjá.

"Ẹ gbé e sún mọ́ mi." Ó fi ìka lé ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó kọ ojú sí ibòmíràn. "Òun nìyí."

"Ìyá, ojú rẹ̀ ò kúkú hàn."

"Àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ mi hàn mí ni? Ẹ wo èjìká rẹ̀. Bó ṣe máa ń gbé ọ̀kan sókè nìyẹn láti kékeré. Alhamdulilahi! Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi ti dé!"

Ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ Ìkọ̀tún, níbi tí gbogbo ayé ń tutọ́ sí. Omi bọ́ lójú mi, èmi oníbìínú. Tísà gan-an fa owó yọ, ó ra pépà náà fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n ò rí i kó ra pépà rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá ò wá sọ́jà. Ó ti ní òun fẹ́ ṣe sààráà ọpẹ́ nílé òun n'Ìjẹ̀gùn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àáfà ń bọ̀. Mo ń palẹ̀ mọ́ kí n lè lọ jẹ mọ́sà ni obìnrin aládùúrà kan ń kọjá, sùtánà funfun lọ́rùn, kò wọ bàtà. Ó rí pépà àná tó kù lórí tábìlì, ó dúró gbọnrangandan.

"Haà! Ta ló gbé mi síbí?"

"Ta ló gbé ta síbo?"

"Èmi! Èmi tí mo pọn ọmọ yìí. Àpá ojú mi nìyẹn, ẹ wò ó." Mo wo àpá tó wà lókè ojú rẹ̀, mo wo ti inú àwòrán. Ọ̀kan náà ni. "Ọmọ ẹ̀yìn mi yìí ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Ilẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n ti kó wa dé nígbà yẹn. Ogun ti ibẹ̀ ti parí tipẹ́."

Wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwòrán àtijọ́ ni. Nọ́ńbà iléeṣẹ́ wọn wà nísàlẹ̀ pépà, mo pè é. Ọmọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

"Bàbá, àwòrán lásán ni, a kàn fi ṣe ojú ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ ni."

"Àwọn tí wọ́n wá kó ńkọ́? Àwọn wo ni?"

"Ohun tí ìjọba fi ránṣẹ́ la tẹ̀, sà. Àwọn alátakò náà sọ tiwọn, ó wà lójú ìwé kejì. A ò ṣègbè."

Mo ṣépè. N ò ní sọ irú èpè tó jẹ́. Mo wá bẹ obìnrin náà pé kó jọ̀wọ́, kó bá mi dé Ìjẹ̀gùn, torí èmi nìkan ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níwájú ìyá yẹn. Ó gbà, a gun ọ̀kadà.

Àdúà ti ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a débẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní síta, mọ́sà kún abọ́. Ìyá ti lẹ pépà mọ́ ilẹ̀kùn. Kí n tó yanu, ó ti rí obìnrin tó wà lẹ́yìn mi. Ó wò ó, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wò ó. Ó figbe ta, ó sáré wá dì mọ́ ọn, tòun ti sùtánà.

"Ẹ̀yin nìyí! Ẹ̀yin lẹ wà níwájú ọmọ mi! Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu. Ọmọ mi dà? Ṣé wọn ò tíì fi í sílẹ̀ ni?"

Àwọn àáfà dá àdúà dúró. Obìnrin yẹn ló sọ ọ́, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ó di ọwọ́ Ìyá méjèèjì mú. Ó sọ ọdún tí wọ́n ya àwòrán náà fún un, ó sọ ìlú tí wọ́n ti kó wọn. Ó ní ọmọbìnrin tó gbé èjìká sókè yẹn, ọmọ Oǹdó ni, ó ti wà nílé ọkọ.

Ìyá ò sunkún. Ó jókòó sórí ẹní. Ó gbójú sókè sí obìnrin náà.

"Ìyá ìjọ, nígbà tí wọ́n ń kó yín bọ̀, àwọn wo ni wọn ò kó?"

Obìnrin náà wò mí bíi pé kí n gba òun.

"Àwọn tí ìwé ìrìnnà wọn wà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, mà. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀."

"Ọjọ́ tí tèmi débẹ̀," Ìyá ní, "ní pápá ọkọ̀ òfúrufú ni ọ̀gá rẹ̀ ti gba tiẹ̀."

Àáfà àgbà wúkọ́. Ó rọra bi í pé irú àdúà wo ni kí àwọn ṣe báyìí, àbí kí àwọn kúkú fi í sílẹ̀. Ìyá dìde, ó gbé abọ́ mọ́sà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò.

"Ẹ ṣe ti ẹni tó wà lórí ìrìn," ló wí. "Ẹ má ṣe ti òkú fún mi o. Ẹ má dán an wò. Kò tíì sẹ́ni tó gbé òkú kankan wá bá mi."