Ọjọ́ Márùn-ún tí Ìyá Mi Fi Ṣe Àlejò

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ló máa ń jí mi nígbà èwe mi. Kò tíì dé orí iná o. Inú apẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, èèpo rẹ̀ ti dú, ó ti rọ̀, omi adùn ti ń sun lára rẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ sì ń fò yí i ká. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ìyá mi a ní, "Kò bàjẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n ni." Tó bá ṣe díẹ̀, òórùn epo pupa tó ń gbóná á dé, lẹ́yìn náà ni ti ata gígún tó máa ń mú gbogbo agbo ilé sín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ nígbà náà, ẹ ó rántí dòdò Ìkirè, dúdú minimini nínú ewé, tí wọ́n ń nà sí yín lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ìyá mi lẹ ti rà á.

Ìpẹ̀kun Ìkirè ni ilé wa wà, níbi tí ènìyàn kò ti mọ ibi tí Ìkirè parí sí, tí Àpòmù ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú méjèèjì sùn ti ara wọn bí ìbejì lórí ẹní kan. A máa ń sọ nígbà náà pé bí o bá ju kóró máńgòrò sẹ́yìnkùlé wa, Àpòmù ló máa hù sí. Bàbá wa ti kú láti ìgbà tí àbúrò mi, Kọ́lá, ti ń rá. Àwa mẹ́ta la kù, ìyá mi, èmi àti Kọ́lá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ ka iná ìdáná wa mọ́ ọn, ká di mẹ́rin, torí iná náà ló ń bọ́ wa.

Mo di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìwé dé pé wọ́n ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ní ìlú kan tó jìn débi pé ọkọ̀ méjì là ń wọ̀ débẹ̀. Áà, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí n kò sọ fún. Mo sọ fún Rábì náà, ọmọ ẹgbẹ́ mi tí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ. Àwa méjèèjì la jọ ṣe ìdánwò náà, Rábì kò sì yege. Létí kànga, níbi tó ti ń fa omi, mo ní, "Ìwọ ní tìrẹ, máa po ẹ̀kọ lọ. Ẹ̀kọ yín náà sì ń ní kókó." Ó gbé korobá rẹ̀ rù, ó lọ. Mo ṣì ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, omi ń ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ tẹnu mi tán, kò jó, kò yọ̀. Ó ní, "Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọjà Àpòmù yìí dé èyí tó ń bọ̀, ìwọ ni onílé. Àlejò lèmi. Bí ilé bá dúró, o lọ. Bí kò bá dúró, àwọn olùkọ́ á dúró dè ọ́ di ọdún tó ń bọ̀."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó di ẹrù kékeré kan, ó jáde lọ sójú títì, ó yí padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ẹ ńlẹ́ onílé o! Ẹ jọ̀ọ́, ibùsùn ni mò ń wá."

Kọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbiri nílẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ wọlé jàre."

"Ẹ ṣeun, onílé. Ibo ni kí n fìdí lé?"

Ìyá tó bí mi, tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, òun ló ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀! N kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì di àlejò lóòótọ́. Kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Kò ṣí ìkòkò wò. Nígbà tí ewúrẹ́ yọ́ wọlé, ó kàn ké sí mi láti ibi tó jókòó sí pé, "Onílé, àlejò mìíràn ti dé o. Inú gààrí yín ló wọ̀ sí."

Ọjọ́ kìíní lọ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi. Kọ́lá tutọ́ sílẹ̀. Àlejò jẹ tirẹ̀ tán, ó mu ife omi mẹ́ta, ó ní, "Ọbẹ̀ yín dùn, onílé. Omi àdúgbò yìí náà dùn."

Títí dòní mo máa ń lá àlá ọjọ́ méjì yẹn. Nínú àlá náà, ìkùukùu àárọ̀ ṣì bo orí àwọn igi kòkó lẹ́yìn ilé, èéfín ń gòkè láti orí òrùlé kọ̀ọ̀kan, a sì mọ èéfín oníkálukú bí a ṣe mọ ohùn rẹ̀. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí ìgbálẹ̀ ń fa ìlà sórí yẹ̀pẹ̀ tútù. Ìyá mi jókòó lórí ẹní, ó ń wò mí. Mo máa ń jí kí n tó gbálẹ̀ náà tán.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ wọ́. Mo lọ já ewé tí a ó fi wé dòdò ọjà, lójú odò kékeré kan ní apá Àpòmù. Ibẹ̀ tutù, ó sì pa rọ́rọ́. Kàkà kí n já ewé kí n máa bọ̀, mo di olùkọ́ síbẹ̀. Mo mú igi dání, mo ń sọ fún àwọn ewé pé, "Ẹ dìde! Ẹ jókòó!" Wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é fún wọn. Ibẹ̀ ni òjò bá mi.

Nígbà tí mo délé, igi ìdáná tó yẹ kí n ti kó wọlé ti mu omi yó. Omi ti gba ibi tí òrùlé ilé ìdáná ti jò, ó ti pa iná. Ìṣáná tí mo fi sórí ògiri ti di ẹ̀kọ. Àlejò mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣojú rẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, onílé. Òjò ìlú yín mà lágbára."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sunkún. Ẹyọ igi kan ṣoṣo, kò gbé e!

Ní ayé ìgbà náà, kì í ṣe ìtìjú kí iná ẹni kú. Àpáàdì lo máa gbé, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, o máa lọ bu ẹyin iná nílé aládùúgbò. Igi tó mu omi báyẹn, ìṣáná lásán kò lè ràn án. Ẹyin iná gidi ló kù. Ṣùgbọ́n ilé ta ló súnmọ́ tó tí ẹyin iná kò ní kú sójú ọ̀nà? Ilé ìyá Rábì náà ni. Mo wo èéfín ẹ̀kọ wọn bó ṣe ń gòkè. Mo ní n kò lọ.

Gààrí tútù la mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Àlejò dúpẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, gààrí náà ni. Kọ́lá gbé ojú sókè láti inú abọ́, ó ní, "Ṣé gààrí la ó máa mu títí wọn ó fi sọ yín di tíṣà ni?" Mo yẹ apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò. Ó ti gbọ́n tán pátápátá. Bí n kò bá dín in lọ́jọ́ náà, omi ni yóò dà kí ọjà ọjọ́ kejì tó ná. Bí ọjà bá bọ́, ilé kò dúró nìyẹn, ọkọ̀ méjì tí mo fẹ́ wọ̀ ti lọ.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti gbọ́ tí ìyá mi wúkọ́. Ó fi etí aṣọ bo ẹnu kí n má baà gbọ́. Ó tún wúkọ́. Kò bèèrè omi gbígbóná. Àlejò kì í bèèrè. Ó kàn fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí ògiri. Àlejò mi ni òtútù ń mú nínú ilé mi, nítorí ẹnu mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá mi máa ń sọ sí ẹni tó bá ń fọ́nnu: "Àpáàdì ló tó ko iná lójú." Mo gbé àpáàdì. Láti ẹnu ọ̀nà wa sí tiwọn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó jìn ju Ifẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ìyá Rábì wò mí, ó wo àpáàdì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Rábì! Wá wo tíṣà o! Iná kú mọ́ tíṣà lọ́wọ́! Tíṣà, ṣé ìwé yín kò ràn ni?"

Mo dorí kodò. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Àlejò mi ń wúkọ́."

Ẹ̀rín náà dá. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ irú àlejò tó wà nílé wa. Rábì jáde wá, ó ń nu ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo tò sínú ti fò lọ. Mo kàn ní, "Rábì, ẹ̀kọ yín kò ní kókó."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó máa ń ní nígbà mìíràn. Gbé àpáàdì wá."

Ó da eérú sí ìsàlẹ̀, ó kó ẹyin iná lé e, ó tún fi eérú bò ó. Ó ní, "Má sáré o. Ẹni tó bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ló ń gbé iná fún." Òjò wínníwínní ṣì ń rọ̀, Rábì já ewé kókò kan, ó nà án sórí iná náà, kì í ṣe sórí wa, a sì jọ rìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ délé wa. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń to igi tútù yí ẹsẹ̀ àdògán ká kí ooru iná kékeré lè gbẹ ẹ́. Ọmọ tí mo bú létí kànga! Mo gbé omi gbígbóná fún àlejò mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife náà mú, ó sì pa ojú dé.

Èmi, Rábì àti Kọ́lá la jọ dín dòdò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ karùn-ún mo gbé e lọ sí ọjà Àpòmù. Kí oòrùn tó yẹ̀, ewé nìkan ló kù nínú àwo mi.

Nígbà tí mo padà dé, àlejò ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Onílé, mo dúpẹ́ o. Ilé yín kò ní tú." Ó jáde. Ó dúró lójú títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yí padà, kò tíì wọlé tán tó fi pariwo, "Àṣàbí! Ta ló fi ìkòkò sílẹ̀ báyìí pẹ̀lú èédú? Ọbẹ̀ iyọ̀ ọjọ́sí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ìyá mi ti dé! Mo gbá a mọ́ra, mo ń sunkún, ó sì ń bá ìbáwí lọ lórí èjìká mi.

Ìgbà tó sinmi ẹnu ló wá sọ pé, "Kì í ṣe iná tó kú ni mò ń wò. Kò sí ilé tí iná kì í kú. Ọ̀nà ilé ìyá Rábì ni mò ń wò, bóyá o mọ̀ ọ́n. Ibi tí ò ń lọ, n kò ní sí níbẹ̀. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé ló máa wà níbẹ̀. Máa lọ, ọmọ mi."

Mo lọ. Ọ̀pọ̀ iná kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀, mo sì mọ ilẹ̀kùn tí mò ń kàn.

Mo ti padà sí Ìkirè báyìí, mo fẹ̀yìn tì, mo sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé mi ní ògiri gíga àti géètì. Lóṣù tó kọjá, wọ́n mú ọmọ ọmọ mi, Dámilọ́lá, wá bá mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n kọ́ ọ ní ìtọ́jú ilé kó tó lọ sí yunifásítì. Mo jókòó sórí àga bí àlejò, mo fẹ́ ṣe bí ìyá mi ti ṣe. Ẹ̀wà kò tíì rọ̀ nígbà tí gáàsì tán. Òjò ń rọ̀, àwọn tó ń ta gáàsì ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn.

Mo ní, "Jẹ́ ká mu gààrí. Ó di ọ̀la."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi. "Gààrí kẹ̀? Màmá, ta ló ń gbé ilé kejì yìí?"

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbé ilé mi yìí. Mo mọ ìró ọkọ̀ wọn, mo mọ ẹkún ọmọ wọn, n kò mọ orúkọ wọn. Àìmọye ìgbà ni gáàsì ti tán mọ́ mi lọ́wọ́ tí mo sùn pẹ̀lú gààrí tútù, tí mo ní n kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣé ti pé n kò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu ni, àbí n kò fẹ́ kí ẹnì kankan rí àpáàdì lọ́wọ́ ọ̀gá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì?

Ọmọ náà ti fi àkísà di etí ìkòkò mú, ó ti ń jáde. Ọmọ tí mo fẹ́ kọ́! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo jẹ́ rí ń lọ níwájú mi nínú òjò, àgbà tí mo dà sì jókòó sórí àga. Mo wá agboòrùn, mo dìde. Mo nà án sórí ìkòkò ẹ̀wà náà, kì í ṣe sórí wa. Nígbà tí a dé ẹnu géètì wọn, Dámilọ́lá kò rí ọwọ́ fi kan ilẹ̀kùn, nítorí ìkòkò tó gbé. Èmi ni mo kàn án.

Mo ní, "Ẹ ńlẹ́ onílé o."