Ohùn tó ń ti Jẹ́bbà Wá

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni Fọlákẹ́ kúrò ní Ọ̀mù-Àrán, tó wá gba iṣẹ́ tẹlifóònù ní Post Office, Ìlọrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jókòó ti pátákó oníhò, kí ó máa fi okùn so ará ìlú kan mọ́ ará ìlú mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ yá níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò bá a mu. Ó tín-ín-rín bíi ti ọmọdé, àwọn ọ̀gá láti GRA a sì máa sọ fún un pé, "Ọmọ, gbé tẹlifóònù yẹn fún àgbà."

Ohùn kan wà tí kì í kúrò létí rẹ̀, ti ẹni tó ń gba tẹlifóònù ní Jẹ́bbà. Ohùn náà há, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí yangí. Tó bá ti ní, "Jẹ́bbà nìyí, ta lẹ ń fẹ́?" kò sí ọ̀gá tó jẹ́ yájú sí i. Fọlákẹ́ a ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," inú rẹ̀ a sì dùn títí di ọ̀sán.

Ó fẹ́ ní irú rẹ̀. Ó jẹ orógbó títí. Ó ń fa ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, débi tí Ìyábọ̀dé tí wọ́n jọ ń gbé fi bi í bóyá inú ló ń run ún. Níkẹyìn, ó lọ sétí odò Àsà lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pariwo títí. Nígbà tó di Mọ́ńdè, kò sí ohùn rárá, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé.

Ọjọ́ tó padà, ohùn tín-ín-rín náà ló bá a padà.

"Ìlọrin! Ibo lo lọ?" Jẹ́bbà ni. "Mo bèèrè rẹ, wọn ò fún mi lésì gidi."

"Ara mi ni ò yá, sà."

"Háà. Tí mo bá wálé Iléyá, mà á wá wò ọ́."

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n onírùngbọ̀n ni Fọlákẹ́ ń retí. Lọ́sẹ̀ Iléyá, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan wọlé, ó fi ìborùn wé ọrùn.

"Sàláámù àlékùn. Èmi ni Jẹ́bbà."

Fọlákẹ́ kúnlẹ̀ gbì. "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi tí mò ń pè yín ní sà!"

"Gbogbo wọn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Dìde, jàre."

Binta lorúkọ rẹ̀, ọmọ Pàkátà, ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì, Fọlákẹ́ sì jẹ́wọ́ orógbó àti odò Àsà fún un. Binta rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ó tú ìborùn, àpá kan là á lọ́rùn kọjá. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n yọ. Kó tó dìgbà náà, òun ló ń lé wákà fún àwọn obìnrin àdúgbò. Ìgbà tó fi ohùn híha yìí ti ọsibítù dé, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sá fún un. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé mi?" Àwàdà ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dín kù nílé. Ìdí tẹlifóònù nìkan ló ti ń la ẹnu dáadáa, torí àwọn tibẹ̀ kò mọ ohùn tó ní tẹ́lẹ̀.

"Ohùn yìí náà ló wù ọ́?"

"Kò sí èyí tó wù mí tó o, mà."

"Tún un sọ."

Fọlákẹ́ tún un sọ.

Láti ọdún náà, Binta kì í ṣe Iléyá kó má yà kí i. Nígbà tí Fọlákẹ́ fẹ́ Kọ́lápọ̀, tó sì bímọ obìnrin, Binta àti ọkọ rẹ̀ wọ rélùwéè wá síbi ìkómọ. Pásítọ̀ ti gbàdúrà tán, wọ́n ń pín oúnjẹ, ni Binta bá dìde láàárín àwọn obìnrin, ó lé wákà. Ohùn náà há, kò sì lè gòkè. Àwọn obìnrin wo ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbè é. Fọlákẹ́ gbé ọmọ mọ́yà, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Ọkọ Binta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, kò sì jókòó títí ìyàwó rẹ̀ fi parí.